Òrùka fáíbà

Ìsọ̀rí: àpólà-orúkọ. *Òrùka* ni olórí, *fáíbà* ni ẹ̀yán rẹ̀.
Ìpè: *òrùka*, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, *fáíbà*, ohùn òkè, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀.
Orúkọ mìíràn: *òrùka okùn-ìmọ́lẹ̀*, nínú ìwé, *ring*, lẹ́nu àwọn oníṣẹ́.

Ìtumọ̀

Ètò okùn fáíbà tí ó so ibùdó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ yíká, tí èyí tí ó kẹ́yìn fi padà kan èyí àkọ́kọ́, tí ibùdó kọ̀ọ̀kan sì fi ní aládùúgbò méjì. Ohun tí a fi ránṣẹ́ lè gba apá ọ̀tún tàbí apá òsì dé ibi tí ó ń lọ. Bí okùn bá já níbì kan, àwọn ẹ̀rọ ibùdó yóò darí ohun gbogbo gba apá kejì fúnra wọn, láìdúró de ènìyàn. Èyí tí a ti ṣètò lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní *òrùka aláàbò*.

*Katapílà gé okùn lójú ọ̀nà Ẹdẹ láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n orí òrùka ni a wà. Kò sí oníbàárà kan tí ó mọ̀.*

Ọ̀rọ̀ náà àti àwọn ìbátan rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni *òrùka*. Ohun tí à ń fi sí ìka ni, ìbáà ṣe wúrà, fàdákà tàbí ide. Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá ìtumọ̀ tuntun yìí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ náà mu ju bí àwọn tí ó kọ́kọ́ yá a ṣe rò lọ, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i nínú àkíyèsí kìn-ín-ní. Àwọn kan dábàá *òbìrìkìtì*. A kò gbà á wọlé, nítorí ìrísí nìkan ni òbìrìkìtì ń sọ, bẹ́ẹ̀ òrùka fáíbà kò sí lábẹ́ dandan láti rí róbótó. Ẹni tí ó bá gbéra ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó gba Iléṣà lọ sí Òṣogbo, tí ó sì gba Ẹdẹ padà wálé ti yí òrùka kan po, bí ọ̀nà náà tilẹ̀ wọ́ bí ejò. A kò sọ pé ilé-iṣẹ́ kankan ri okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀; àpẹẹrẹ tí ará Ifẹ̀ lè fi ojú inú rìn ni a ń wá, a ó sì máa padà sí i.

Òdìkejì òrùka ni *ìràwọ̀*, ètò tí gbogbo ibùdó ti so mọ́ àárín kan ṣoṣo. Bí ìlú Yorùbá ṣe rí nìyẹn: ọ̀nà ńláńlá ń bọ̀ láti ìhà gbogbo, wọ́n sì ń pàdé níwájú ààfin, bí ó ti rí ní Ẹnuwá. Odi àti yàrà ni ó yí ìlú ká ní tirẹ̀. Ìràwọ̀ rọrùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka kan bá ti já, ẹni tí ó wà ní ìdí ẹ̀ka náà ti dá wà. Òwe tí ó sọ pé *ọ̀nà kan kò wọ ọjà* jẹ́ àlàyé kúkúrú tí a lè fún ọmọ ilé-ìwé lórí ohun tí òrùka wà fún. Ọ̀rọ̀ náà *yàrà* gan-an ti rí iṣẹ́ tuntun: òun ni ó yẹ kí a máa pe kòtò gbọọrọ tí a ń gbẹ́ láti ri okùn fáíbà sí, a sì ti fi ìtumọ̀ yìí kún un ní ààyè rẹ̀.

*Fáíbà* yàtọ̀ sí *wáyà*. Bàbà ni wáyà, iná mànàmáná ni ó ń gbé. Gíláàsì ni fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé. Fọ́nrán gíláàsì kan kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà lọ ní fífẹ̀, àárín rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ní 1966 ni Charles Kao, ẹni tí a bí ní Shanghai, fi hàn nínú ìwé ìwádìí pé bí a bá lè fọ gíláàsì mọ́ tó, ohùn àti àwòrán lè gba inú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2009. Àwọn olè tí ń hú okùn fáíbà nílẹ̀ nítorí pé wọ́n rò pé bàbà wà nínú rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìròyìn yìí.

Bí òrùka ṣe ń ṣiṣẹ́

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí àtijọ́ ni ti SDH, tí àjọ ITU kọ ìlànà ààbò rẹ̀ sínú ìwé G.841. Nínú ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí ó là sílẹ̀, a máa fi ohun kan náà ránṣẹ́ gba apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ń gbà á á sì mú èyí tí ó dára jù. Nínú òmíràn, a máa fi ìdajì agbára okùn sílẹ̀ láìlò, de ọjọ́ ìṣòro. Èyí tuntun ni ti Ethernet, tí ITU kọ ìlànà tirẹ̀ sínú G.8032 ní 2008, òun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ swíìṣì òde òní ń lò. Ní ti àwọn méjèèjì, òṣùwọ̀n kan náà ni: àtijá okùn dé ìgbà tí iṣẹ́ yóò fi gba apá kejì kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò ní fura. G.8032 ṣe ìlérí yìí fún òrùka tí ibùdó rẹ̀ kò tó 16, tí gígùn okùn rẹ̀ kò sì tó 1,200 km. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, Òṣogbo àti Ẹdẹ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ kò pé 150 km. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 km ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú gíláàsì, nítorí náà yíyí ìrìn náà po kò gbà á ní ìdá kan péré nínú 1,000. Àwọn ẹ̀rọ ni ó ń jẹ ìyókù àkókò náà, bí wọ́n ti ń fura, tí wọ́n ń kéde, tí wọ́n sì ń yípadà.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́nu: òrùka Ethernet kì í ṣí sílẹ̀ yíká ní ìgbà àlàáfíà. Ìkéde tí a bá rán sí gbogbo ibùdó kò ní òǹkà tí yóò pa á. Bí ọ̀nà bá ṣí yíká, yóò máa yípo, yóò máa bí sí i, títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi kún dí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Nítorí náà ni a ṣe máa ń ti ẹ̀ka kan pa. Ibùdó tí ó di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ka náà mú ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní *RPL owner*. Ìwé atúmọ̀-èdè yìí dábàá *oníbodè*, nítorí iṣẹ́ oníbodè ìlú àtijọ́ gan-an ni: ó ti ibodè, ó ń tẹ́tí sí ìròyìn, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣí i. Nígbà tí okùn bá já níbòmíràn, ibùdó méjì tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ náà yóò ti ẹnu wọn síbẹ̀, wọn yóò kéde yíká, oníbodè yóò sì ṣílẹ̀kùn. Gbogbo ibùdó yóò gbàgbé ọ̀nà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn yóò sì tún un kọ́.

Ìṣètò

Ká gbà pé a fẹ́ fi òrùka so ilé mẹ́fà pọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi, ilé Sẹ́nétì àti ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Ọgbà náà kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí: ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí yunifásítì tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà ṣì ṣọ̀wọ́n, ilé ìwádìí ICTP ti Trieste ní Ítálì bá wọn fi ìpìlẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lélẹ̀ níbẹ̀.

Ibùdó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà òrùka kan náà àti VLAN ìdarí kan náà, èyí tí ìkéde àwọn ẹ̀rọ yóò máa gbà. Oníbodè kan ṣoṣo ni a ń yàn. A kì í sì í so ẹ̀ka tí ó kẹ́yìn kí a tó ṣètò oníbodè tán. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ so ó ti tú ìjì tí a sọ lókè yẹn sílẹ̀.

Àkókò mẹ́ta ni a ó fún àwọn ẹ̀rọ. Ìkínní ni ìdúródè lẹ́yìn àtúnṣe: nígbà tí okùn bá ti padà sípò, oníbodè kì í ti ilẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ni ìlànà sọ bí a kò bá yàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì lè fi sí 1 títí dé 12. Ìdí ni pé ọwọ́ àwọn tí ń so okùn lè ṣì wà nínú kòtò. Ìmọ́lẹ̀ yóò wá, yóò lọ, yóò tún wá, bí oníbodè bá sì ń tẹ̀ lé e, ìlú kò ní sùn. Ìkejì ni àkókò ìṣọ́, tí ibùdó fi ń di etí sí ìkéde tí ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà, kí ó má bàa fi ìròyìn àná ṣiṣẹ́ òní. Ìkẹta ni àkókò sùúrù. Bí òrùka wa bá jókòó lórí okùn tí ó ti ní ààbò tirẹ̀ nísàlẹ̀, ó yẹ kí ti òkè dúró díẹ̀ kí ti ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí kò bá sí èyí ńkọ́? Òdo ni a ń fi í sí.

Àṣìṣe tí ó burú jù kò sí nínú gbogbo èyí. Ó wà nínú àwọn VLAN tí ó ń gbé iṣẹ́ àwọn ènìyàn. Ká sọ pé a la VLAN ilé ìwòsàn sí ibùdó tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó sábà máa ń gbà, a sì gbàgbé láti là á sí àwọn ibùdó apá kejì. Kò sí ohun tí yóò fi hàn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò máa ṣiṣẹ́ bí aago fún ọdún kan gbáko. Ní ọjọ́ tí okùn bá já, òrùka yóò yípadà bí ó ti yẹ, ilé ìkàwé yóò máa bá iṣẹ́ lọ, Sẹ́nétì yóò máa bá iṣẹ́ lọ, ilé ìwòsàn nìkan ni yóò ṣókùnkùn, ẹni tí ó bá wo ẹ̀rọ yóò sì rí i kọ síbẹ̀ pé ààbò ti ṣiṣẹ́. VLAN kọ̀ọ̀kan ni kí a là sí pọ́ọ̀tù òrùka méjèèjì ní ibùdó gbogbo.

Ìtọ́jú

Òrùka tí ó ti já lẹ́ẹ̀kan kì í pariwo. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ náà ni ohun tí ó léwu: oníbàárà kò pe ẹnikẹ́ni, ọ̀gá kò bínú, iná kékeré kan ni ó ń tàn lára ẹ̀rọ nínú yàrá tí a ti tì. Láti ìgbà náà, a kò ní òrùka mọ́. Okùn gbọọrọ kan ni a ní, ìjá kejì ni yóò sì sọ fún wa. Nítorí náà ìjá àkọ́kọ́ ni kí a máa sáré tọ̀ bí ẹni pé ìlú ti dákẹ́. Ìkìlọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé orí fóònù ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀, tọ̀sán-tòru.

Iná mànàmáná náà ń já òrùka. Ibùdó tí bátìrì rẹ̀ ti kú dà bí okùn tí a gé. Bí ibùdó méjì tí kò sún mọ́ra bá wà lórí tiransifọ́má kan náà, tí NEPA sì mú iná lọ (orúkọ yẹn ni ará ìlú ṣì ń pè é), tí bátìrì méjèèjì kò sì lè fara dà á, gbogbo ibùdó tí ó wà láàárín wọn ti di erékùṣù, bẹ́ẹ̀ kò sí fọ́nrán kan tí ó já. Ẹni tí ń ya àwòrán òrùka gbọ́dọ̀ ya tiransifọ́má mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ tí a bá parí iṣẹ́, kí a wọn ìmọ́lẹ̀ tí ń sọnù lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gíláàsì tí ó wọ́pọ̀ ń sọ nǹkan bí 0.2 désíbẹ́ẹ̀lì nù ní kìlómítà kan bí a bá lo ìmọ́lẹ̀ 1550 nm, nítorí náà 30 km yóò sọ nǹkan bí 6 nù, kí a tó fi ti ojú ìsopọ̀ kún un. Bí iye náà bá ti gòkè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹnìkan ti tẹ okùn náà, tàbí omi ti wọ inú àpótí ìsopọ̀, tàbí eruku ti bo ẹnu okùn. Ẹ̀rọ OTDR yóò sọ iye mítà tí a ó rìn kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọjú wo ẹnu okùn tí ń ṣiṣẹ́: ojú kò lè rí ìmọ́lẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́.

Ìdánwò tòótọ́ kan ṣoṣo ni ó wà, òun ni kí a mọ̀ọ́mọ̀ já òrùka náà fúnra wa, lóru, lẹ́yìn tí a ti sọ fún gbogbo ẹni tí ó yẹ, kí a sì wo ẹni tí yóò kígbe. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ẹ̀rù èyí ń bà. Ìbẹ̀rù náà fúnra rẹ̀ jẹ́ èsì.

Àkíyèsí ìlò

*1. Òrùka pẹlẹbẹ.* Lórí ìwé, ìlà méjì ya ara wọn sọ́tọ̀ dáradára. Nínú ilẹ̀, inú yàrà kan náà ni a ri méjèèjì sí, nítorí pé yàrà gbígbẹ́ ni ó ń gba owó jù, àti nítorí pé ìwé àṣẹ kan yá ju méjì lọ. Afárá tún wà, níbi tí gbogbo okùn ìlú ti ń fẹsẹ̀ tẹ ibi kan ṣoṣo. Katapílà kan yóò gé ìlọ, yóò gé àbọ̀. Irú èyí ni a pè ní *òrùka pẹlẹbẹ*, ibí sì ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ti jàre: òrùka ọwọ́ tí a fi òòlù tẹ̀ pẹlẹbẹ ṣì jẹ́ wúrà, ó ṣì yípo láìjá, ṣùgbọ́n kò ní ihò tí ìka yóò gbà wọlé. Ihò ni òrùka. Àlàfo ilẹ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjì ni ààbò, kì í ṣe iye okùn. A gba àwọn òǹkọ̀wé níyànjú láti má ṣe lo *òrùka* láìfi *pẹlẹbẹ* kún un fún èyí tí kò ní àlàfo yìí.

Pípọ̀ orúkọ kò sì ní kí àlàfo wà. Ní 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ ní ọjọ́ kan náà ní etíkun Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, Gánà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó fara gbá a, àtúnṣe sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn tí ó ti ra àyè lórí méjì nínú wọn rò pé àwọn ti ní ọ̀nà méjì. Olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn okùn náà ní, ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì tẹ́ wọn, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni àfonífojì abẹ́ òkun kan wà tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Trou Sans Fond, *ihò tí kò nísàlẹ̀*, omi ibẹ̀ ni wọ́n sì jọ gbà kọjá. Okùn Equiano, tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò sí nínú àwọn tí ó bàjẹ́. Òun wà lára àwọn tí ó ru ẹrù àwọn ìyókù ní ọjọ́ wọ̀nyẹn.

*2. Ààbò.* Ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní níbí, a sì gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Òfin tí Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2024, tí ó ka àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, ń fi ààbò bo okùn náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa gé e. Òrùka kò dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró. Iṣẹ́ ni ó ń dáàbò bò, kì í ṣe okùn. Gbólóhùn náà *òrùka aláàbò ni, kò lè já* kò tọ̀nà. *Bí ó bá já, iṣẹ́ kò ní dúró* ni ó tọ̀nà.

*3. Já àti gé.* *Okùn já* kò dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. *Wọ́n gé okùn* ti mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn iṣẹ́, kí a máa kọ *já* títí a ó fi dé ojú ibẹ̀ wò ó. *Ẹ jọ̀wọ́ sà, okùn ti já láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà. A ó jíṣẹ́ bóyá wọ́n gé e ni.*

*4. East àti West.* Orúkọ pọ́ọ̀tù méjì tí ó wà ní ibùdó òrùka ni. Wọn kò tọ́ka sí ibi tí oòrùn ti ń yọ tàbí ibi tí ó ń wọ̀, nítorí náà kí a má ṣe túmọ̀ wọn sí *ìlà-oòrùn* àti *ìwọ̀-oòrùn*. East ibùdó kan ni a ń so mọ́ West èyí tí ó tẹ̀ lé e, yíká.

Tún wo: *ìràwọ̀* (3), *okùn*, *oníbodè* (2), *wáyà*, *yàrà* (2).